Láfẹ́ńdà Tíṣà Salome

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí ẹ bá bèèrè ilé Tíṣà Salome, kò sẹ́ni tó máa fi nọ́ńbà júwe rẹ̀ fún yín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa lọ tààrà, ilé tẹ́ ẹ bá ti rí òdòdó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, ibẹ̀ ni. Gbogbo ilé tó kù ní òpópónà náà ni wọ́n ti da kọnkéré bo ilẹ̀ wọn nítorí mọ́tò, títí kan àwọn tí ò ní mọ́tò. Tíṣà Salome nìkan ló fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ibi tí ilẹ̀ náà ò sì dé, ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì dí i.

Irú òdòdó kan ṣoṣo ló ń gbìn. Délílì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, ṣùgbọ́n òun ń pè é ní òdòdó ọjọ́ kan, nítorí bó bá là láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ń rọ, òmíràn á sì là lórí ọ̀pá kan náà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá sùn gbàgbé ti pàdánù ti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Pínkì ló kún ọwọ́ rẹ̀. Ó ní pínkì tí inú ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ó ní pínkì tí etí rẹ̀ ṣẹ́ léra bí etí aṣọ ọmọ ìkókó, ó tún ní èyí tó rẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró wò wọ́n, ẹni náà ti wọ kíláàsì. "Oòrùn àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un," ni Tíṣà á wí. "Tó bá ti di ọ̀sán, ẹ wá ibòji fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ á ṣí bí aṣọ tí wọ́n sá gbàgbé." Lóòótọ́ ni o, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yìí, lọ́sàn-án gbogbo, ló máa ń wọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri, tí á máa kùn sí ẹ̀yìn ara rẹ̀ tó ń dùn ún.

Ọkọ rẹ̀, Akínlabí, tó ṣiṣẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì, ti kú. Àwọn ọmọ ti fò lọ. Ilé kù òun nìkan, àfi Ẹ̀bùn, ọmọbìnrin tó gba yàrá ẹ̀yìn, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba. Ẹ má ṣe káàánú Tíṣà, torí kò ráyè ìdánìkanwà. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó ní òdòdó, ó sì ní ìjà. Ìjà yẹn ni kí n sọ, nítorí obìnrin náà dáa, ó lawọ́, ṣùgbọ́n láyé ẹ̀, nǹkan kì í bàjẹ́ kó jẹ́ pé òun ló bà á. Bí iná bá ṣókùnkùn nílé, àwọn iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni. Bí lẹ́tà ìwé orin bá ṣá lójú rẹ̀, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ń ṣahun yíǹkì. Lọ́dún tó kọjá, ó bá Dennis alágbàfọ̀ jà débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má kí ara wọn mọ́, ó ní ó ti fọ gbogbo búláòsì funfun òun di yẹ́lò. Dennis wo búláòsì, ó wo Tíṣà, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì tún un fọ̀. Nígbà tó gbé e padà wá, Tíṣà ní ó tiẹ̀ tún wá burú sí i.

Ohun kan wà tó wù ú tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tó. Láfẹ́ńdà ni. Àwọ̀ pọ́pù tó ti rọlẹ̀, tí kò pariwo mọ́, ni láfẹ́ńdà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Yaba, tó jẹ́ ọmọge, ọ̀gá àgbà obìnrin tó wà níléèwé náà ní délílì láfẹ́ńdà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, Salome á sì rọra dúró níbẹ̀ láràárọ̀ títí tí agogo á fi fẹ́ lù. Látìgbà náà ló ti ń wá a. Kò wá wúrà, kò wá ilé sí Lẹ́kí, láfẹ́ńdà ló ń wá.

Ẹni tó ní òun á bá a wá a ni Yẹ̀kínnì. Etí gọ́tà ní ẹnu òpópónà ni Yẹ̀kínnì ń ta òdòdó sí, ó to wọ́n sínú nílọ́ọ̀nù dúdú lórí pákó. Tíṣà Salome ló kọ́ ọ ní pírámárì fọ́ọ̀, kò sì sọ ara rẹ̀ di àgbà níwájú rẹ̀ láé. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta, síbẹ̀ tó bá rí Tíṣà lókèèrè, á ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà. Tíṣà fẹ́ràn rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó kọ́, òun nìkan ló ṣì ń rí lójoojúmọ́. Kérésì dé, Tíṣà fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí i; Iléyá dé, Yẹ̀kínnì gbé ẹran wá.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Yẹ̀kínnì gbé délílì kan wá. Ewé lásán ni.

"Màmá Tíṣà, mo ti rí i," ló wí. "Láfẹ́ńdà ni. Mo fojú ara mi rí òdòdó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi."

Tíṣà gbà á bí ẹni gba ọmọ. Ó fún un ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára jù, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì níbi tí òòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Nígbà tó wá yọ ọ̀pá, tí òdòdó dì sórí ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì í, ó ń lọ wò ó kó tó gbàdúrà àárọ̀. Lọ́jọ́ tó là, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó títí. Pínkì ni. Pínkì kan báyìí tó rí bíi pé èéfín ti bà á.

Ó ránṣẹ́ pe Yẹ̀kínnì. Yẹ̀kínnì wo òdòdó náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, láfẹ́ńdà mà ni…"

"Yẹ̀kínnì, ta ló kọ́ ẹ ní àwọ̀?"

"Ẹ̀yin ni mà."

"Ṣé o wá fẹ́ kọ́ mi padà ni?"

Ẹ̀rín náà wọlé. Ó họ orí. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun á wá òmíràn, kò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó gbé ìkejì wá, èyí tó ti dì sórí ọ̀pá, kí wọ́n má baà dúró pẹ́. Ó là, pínkì náà ni. Tíṣà Salome ò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìkẹta ni wàhálà. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Yẹ̀kínnì gbé èyí tó ti là wá, òdòdó rẹ̀ ṣí gbayawu. Ó gbé e sílẹ̀ nínú oòrùn níwájú àtẹ̀gùn, ó fà sẹ́yìn. Tíṣà tẹ̀ síwájú. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú.

"O tún gbé pínkì wá fún mi."

Yẹ̀kínnì wo òdòdó. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo ojú Tíṣà fúnra rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn bí ọmọdé kì í ti í tẹjú mọ́ àgbàlagbà. Tíṣà rí i pé ó ń wo òun, ó sì ka ìyẹn náà mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó dà bíi pé nǹkan kan bọ́ lára ọkùnrin náà. Ó tẹrí ba.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ló wí jẹ́jẹ́. "Pínkì ni mà. Ẹ má bínú, èmi ni mo ṣì í ṣe."

Ká ní ó jiyàn ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ síbẹ̀, nítorí Tíṣà fẹ́ràn kó máa bá èèyàn jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́wọ́, kí la tún ń wá? Tíṣà sọ fún un pé olè ni. Ó sọ ọ́ sókè, lẹ́nu géètì, níbi tí àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ ti gbọ́. Ó ní òun kọ́ ọmọ títí, olè lòun kọ́ jáde. Yẹ̀kínnì tún ní, "Ẹ má bínú mà," ó sì lọ. Ó fi òdòdó náà sílẹ̀ níbi tó gbé e sí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tíṣà ò tiẹ̀ jẹ́ kí tirẹ̀ balẹ̀ ní ẹnu géètì nìkan. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ó dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ra òdòdó lọ́wọ́ Yẹ̀kínnì etí gọ́tà mọ́, ó máa ń sọ pé nǹkan kan lòun tà, òmíràn lá gbé fún yín. Àwọn ìyá wọ̀nyí ló ń ra ọjà Yẹ̀kínnì. Àwọn ló ń rà á nígbà ìkórè, àwọn ló ń rà á nígbà àjíǹde, àwọn ló ń rà á bí òkú bá kú. Ta ló máa gba ẹ̀rí Yẹ̀kínnì gbọ́ ju ti Tíṣà Salome lọ? Kó tó pẹ́, pákó tó ń to òdòdó lé ti ń ṣófo lápá kan. Bí Tíṣà bá ń kọjá, á yíjú sí òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó o fẹ́ràn tó o sì ń bínú sí, àárẹ̀ gidi ni.

Ó wá ń wá ẹni tó máa bá a bínú sí i. Ó pe Ẹ̀bùn síwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn là. "Wá wo pínkì tí wọ́n gbé fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ni Ẹ̀bùn wí.

"Ṣé kì í ṣe pínkì ni?"

"Pínkì ni mà."

Ìyẹn ò tó. Ó ní kí Ẹ̀bùn yà wọ́n ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí Gertrude ní Ìbàdàn lórí WhatsApp, kó sì kọ ẹ̀ṣẹ̀ Yẹ̀kínnì sábẹ́ rẹ̀. Gertrude ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó lè pe obìnrin yìí ní Salome lásán, láìfi Tíṣà tàbí Màmá síwájú ẹ̀, òun nìkan ló kù láyé. Kò pẹ́ tí fọ́tò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí fóònù fi dún. Ẹ̀bùn ló bá Tíṣà ṣí i sí gbangba kó lè gbọ́ dáadáa.

"Salome, kí lo ní ọmọ yẹn ṣe fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, pínkì ló ń gbé fún mi, lẹ́ẹ̀mẹta."

"Pínkì dà?"

"Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín."

"Láfẹ́ńdà ni mò ń wò níbí."

"Fóònù ni. Fóònù máa ń yí àwọ̀ padà."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Ẹ̀bùn tó ń gbé ẹ̀yìn ni."

"Ẹ̀bùn, ọmọ mi, o ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ẹ́. Gbàgbé ẹni tó dúró tì ẹ́. Àwọ̀ wo ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn?"

Ẹ̀bùn wo Tíṣà, ó wo ilẹ̀. Ó ń fi ìka ẹsẹ̀ ha sìmẹ́ńtì. Tíṣà ń retí kó dáhùn kíá, kó sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò dáhùn. Ìgbà tó pẹ́ tí ò dáhùn yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Tíṣà Salome.

"Láfẹ́ńdà ni mà," ni Ẹ̀bùn wí.

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn mà."

"Látìgbà wo?"

"Látìbẹ̀rẹ̀ mà."

Tíṣà jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ń gbọ́ ohùn Gertrude tó ń sọ pé ojú rẹ̀ ni, pé irú rẹ̀ ṣe òun náà rí, ó ní kó gba ọsibítù lọ lọ́la, kó má ṣe agídí. Tíṣà bi Ẹ̀bùn léèrè ìdí tó fi sọ pé pínkì ni.

"Ẹ ti ní pínkì ni mà," ni Ẹ̀bùn wí, omi ti ń lé sójú ẹ̀. "Mi ò lè já yín nírọ́."

Kí ni Tíṣà fẹ́ sọ sí i? Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé bẹ́ẹ̀ ni mà ni wọ́n ń dá àgbà lóhùn. Ẹni tó bá dáhùn lọ́nà mìíràn, ó mọ ibi tí pàṣán wà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ló gba oorun lójú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yẹ̀kínnì ni, bó ṣe tẹrí ba.

Ní ọsibítù, dókítà fi iná wo ojú méjèèjì. Ó ní awọ kan ti bo ẹyinjú, ó ti ń pọ́n bọ̀ látọjọ́ pípẹ́, òun ló ń jẹ́ kí funfun máa rí bíi yẹ́lò, kí iná máa ṣókùnkùn, kí láfẹ́ńdà sì máa jọ pínkì. Ó ní wọ́n máa ṣe ojú ọ̀tún ná. Ti òsì á dúró di ìgbà mìíràn. Ó ní bí ó bá fi tún pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà á le. Tíṣà ò bá a jiyàn. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn.

Wọ́n ṣe é, ó sì yọrí sí rere. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú ojú náà, ohun tó kọ́kọ́ rí ni búláòsì ara rẹ̀, ó funfun báláú. "Dennis," ló wí lábẹ́lẹ̀, ojú sì tì í. Nígbà tó délé, kò wọlé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ sábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì. Méjì nínú àwọn mẹ́ta náà ló là lọ́jọ́ yẹn. Láfẹ́ńdà ni, láfẹ́ńdà gidi, ó rọlẹ̀, ó tutù lójú, ọ̀fun rẹ̀ rí bí inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ohun tó ti ń wá látìgbà ọmọge ti ń bá a gbé láti ọdún tó kọjá, ó ń bomi rin ín, ó ń wọ́ ọ lọ sí ibòji lọ́sàn-án, ó sì ń bú u. Tíṣà Salome sunkún níbẹ̀. Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ sunkún, ṣùgbọ́n ó sunkún.

Lọ́jọ́ Sunday, ó dìde láàárín àwọn ìyá. "Mo ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ níwájú yín," ló wí. "Irọ́ ni mo pa. Kò jí mi ní nǹkan kan. Ojú mi ni ò ríran, agídí ò sì jẹ́ kí n mọ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó dúró síbẹ̀ títí gbogbo wọn fi dákẹ́, lẹ́yìn náà ó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.

Láti ibẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó lọ sẹ́nu òpópónà. Yẹ̀kínnì rí i, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Tíṣà wí. Bó ṣe dìde, Tíṣà di ìró mú, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Yẹ̀kínnì sáré dì í mú nígunpá méjèèjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Àwọn ló gbọ́ nígbà tí mo pè ẹ́ lólè. Mo bẹ̀ ẹ́, Yẹ̀kínnì."

"Ó ti tán mà. Ó ti tán pátápátá."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé ojú mi ni?"

Yẹ̀kínnì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo gbé èyí tó là wá mà."

"O mọ̀, o wá ní pínkì ni."

"Kí ni mo fẹ́ wí mà? Ṣé kí n dúró lẹ́nu géètì yín, kí n sọ fún Tíṣà mi pé wọn ò ríran mọ́? Ó sàn kí n jẹ́ olè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lára, ó sì tún bí i nínú, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. "O ṣe é tán," ló wí. "O gbé orúkọ olè rù, o fi mí sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ká ní o jiyàn ni, ǹ bá bú ẹ, ǹ bá lé ẹ, ṣùgbọ́n ǹ bá dé ilé kí n rò ó. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kó pẹ́ jù." Ìtìjú ti mú Yẹ̀kínnì, òun tí wọ́n wá bẹ̀.

Tíṣà Salome wo orí pákó. Ìwọ̀nba ọjà tó kù ò tó nǹkan. Délílì kan là láàárín wọn, pínkì tí ọ̀fun rẹ̀ yẹ́lò, irú èyí tí òun ní tó pọ̀ nílé. Ó nawọ́ sí i.

"Láfẹ́ńdà yìí dáa," ló wí. "Màá mú un."

Yẹ̀kínnì la ẹnu. "Bẹ́ẹ̀ ni m…" Ó wo òdòdó. Ó wo ojú ọ̀tún Tíṣà tó ti mọ́, ó wo òsì tí wọn ò tíì ṣe. Òógùn bo imú rẹ̀. Tíṣà ò ràn án lọ́wọ́, ó kàn dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára òdòdó náà.

"Màmá Tíṣà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré, "ẹ má bínú. Pínkì ni."

"Kí lo wí?"

"Mo ní pínkì ni mà. Kì í ṣe láfẹ́ńdà."

Tíṣà Salome gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n, tó ti bí ọmọ mẹ́ta.

"O gbà á," ló wí, bíi tíṣà tó ń máàkì iṣẹ́. "Bá mi gbé e délé. Títí wọ́n á fi ṣe ojú kan tó kù yìí, ìwọ ni kó o máa bá mi wò ó."